Bí A Ṣe Wá Ilé Màmá Dúpẹ́ Rí ní Lọ́kọ́ja

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, mo ti dé. Láti ìgbà tí mo ti wọlé lẹ ti ń bi mí pé kí ni mo rí ní Lọ́kọ́ja tí ẹ̀rín ò fi kúrò lẹ́nu mi, mo sì ń sọ fún yín pé ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sinmi. Mo ti sinmi. Ẹ jókòó, kí n rò ó fún yín.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú yín ṣì rò pé fóònù ni mò ń tún ṣe. Rárá o. Bí ènìyàn bá ń wá ohun tó fẹ́ rà tàbí ibi tó fẹ́ sùn, tó sì tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù rẹ̀, iṣẹ́ tèmi ni kí orúkọ ẹni tó pè mí wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ yọjú sí i. Ọlọ́jà tí kò sí lórí fóònù lóde òní, inú yàrá ló patẹ sí.

Obìnrin kan tó gbọ́ nípa mi lẹ́nu ìbátan rẹ̀ tó ń gbé ládùúgbò wa ló ránṣẹ́ pè mí. Màmá Dúpẹ́ ni wọ́n ń pè é. Nọ́ọ̀sì àgbà ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ilé ìtura kékeré kan ló ń bójú tó báyìí. Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ lórí fóònù ò pọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ilé mi wà níbi tó wà, ṣùgbọ́n àwọn àlejò ò rí i mọ́." Bó ṣe sọ ọ́ ni kò jẹ́ kí n lè sùn dáadáa. Mo di ẹrù mi.

Natako

Kí ẹ tó wọ Lọ́kọ́ja, ẹ óò kọ́kọ́ rí omi. Odò Ọya àti odò Bẹ́núé pàdé níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tètè dà pọ̀. Ọ̀kan dúdú díẹ̀, èkejì pọ́n bí omi amọ̀, wọ́n ń ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìyàwó méjì tí wọn ò tí ì pinnu bóyá àwọn máa bá ara àwọn sọ̀rọ̀. Mo ní kí awakọ̀ dúró kí n wò ó. Ó ní gbogbo àlejò ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ó sì dúró.

Ooru ibẹ̀ ńkọ́? Ẹ má bi mí. Ooru Lọ́kọ́ja kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ kan, mo na fóònù mi sí ẹni tó ń wà á kó lè rí ibi tí máàpù ní kí a lọ. Ó bá mi sọ Haúsá, mo rẹ́rìn-ín. Ó bá mi sọ èdè kan tí ó ní Ígálà ni, mo mi orí. Ó wá bọ́ sí Pidgin, ni a bá gbọ́ ara wa yé. Natako, àdúgbò kan létí odò, ló gbé mi lọ. Nígbà tí fóònù wí pé a ti dé ibi tí à ń lọ, mo gbójú sókè, ilé wíwó kan ni mo rí. Géètì ti ṣubú, koríko ti gba àgbàlá, ilà omi sì wà lára ògiri, ó ga dé ojú fèrèsé, bí ẹni pé ènìyàn fi ẹrẹ̀ fà á yí ilé náà ká.

Lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níwájú ilé náà, obìnrin kan ń yan ẹja. Ó wo àpò mi, ó wo fóònù tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní, bí ẹni tó ti ń retí mi. "Ilé ìtura lẹ̀ ń wá, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Fóònù ní ibí ni."

"Fóònù!" Ó fi abẹ̀bẹ̀ gbá èéfín sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Fóònù ò mọ̀ pé omi ti dé ibí. Àwọn tó ni ilé yìí ti kó lọ. Ẹ jókòó kí ẹ kọ́kọ́ jẹun. Ẹni tó ṣìnà kì í fi ebi wá ọ̀nà."

Ó fa àga fún mi. Ó bu túwó ìrẹsì, ó gbé ẹja àrọ̀ yíyan lé àwo, ó gé àlùbọ́sà sí i, ó wọ́n ata yájì lé e. Ẹ̀yin ará ilé, mo ti jẹ ẹja rí láyé mi, ṣùgbọ́n ẹja tó jáde lódò láàárọ̀ tó sì dé orí iná lọ́sàn-án, ọ̀tọ̀ ni. Bí mo ṣe ń jẹun ló ń sọ ara rẹ̀ fún mi. Ìyá Ràmátù lorúkọ rẹ̀. Ìlọrin ni àwọn baba baba rẹ̀ ti wá ṣòwò sí Lọ́kọ́ja, wọn ò sì padà mọ́. Yorùbá rẹ̀ já geere, ṣùgbọ́n ó ń bu Haúsá sí i bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Kò gbà kí n sanwó. Ó ní èèyàn kì í ta oúnjẹ àkọ́kọ́ fún àlejò.

"Bí ẹ ò bá sì ríbi sùn," ó ní, "mo ní yàrá méjì lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn. Wọ́n mọ́. Gbogbo ẹni tí fóònù bá ṣì lọ́nà wá síbí, èmi ni mò ń gbà wọ́n sílé."

Mo dúpẹ́, mo pe Màmá Dúpẹ́ lórí fóònù. Ó ké pé, "Yéè, wọ́n tún ti gbé ọ lọ sí Natako! Àdúgbò Crusher ni kí o máa bọ̀."

Mo sọ fún Ìyá Ràmátù pé Crusher ni mò ń lọ, pé ibẹ̀ ni ilé ìtura náà wà báyìí. Abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Crusher? Crusher ti Lọ́kọ́ja yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọ̀dọ̀ Màmá Dúpẹ́."

Ó yí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tòò. Ẹ kí i."

Ọ̀kún

Màmá Dúpẹ́ ti wà lẹ́nu géètì kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin gíga ni, irun rẹ̀ funfun, ó wọ bàtà funfun bí ẹni tó ṣì ń lọ sí wọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ fi kí mi ni, "Ọ̀kún o!"

Mo fò sẹ́yìn. Mo wo ẹsẹ̀ mi ọ̀tún, mo wo ti òsì. N ò rí ọ̀kùn kankan nílẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di géètì mú. "Ìkíni wa ni, ọmọ mi. Ará Ìjùmú ni mí. Ẹni tó ṣiṣẹ́, ọ̀kún. Ẹni tó rìn jìnnà, ọ̀kún. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ọ̀kún náà ni. Òun ni wọ́n fi ń pe gbogbo àwa tí a ti apá ibẹ̀ wá."

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Lọ́kọ́ja nìyẹn. Nílé níbí, èmi ni mò ń tún Yorùbá àwọn ọmọ yín ṣe. Níbẹ̀, bí Màmá Dúpẹ́ bá ń bá obìnrin tó ń se oúnjẹ fún un sọ̀rọ̀, màá tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò tí kò mú dáadáa: ọ̀rọ̀ kan á yé mi, méjì á sá lọ. Yorùbá ni mí, Yorùbá ni wọ́n, àjèjì sì ni mí. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí ó dùn mí. Bí n kò bá gbọ́, wọ́n á rọra tún un sọ, wọ́n á sì bu iyán sí i fún mi, bí ẹni pé ebi ni kò jẹ́ kí n gbọ́.

Ilé náà dára. Kò tóbi, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní. Aṣọ ibùsùn ni wọ́n ká igun rẹ̀ sábẹ́ bíi ti ọsibítù. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni ògiri tó wà lẹ́yìn tábìlì ìgbàlejò. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ yàrá ló wà lórí ìṣó, kò sí ìkankan tó ti kúrò.

Lórí iyán yẹn ló ti sọ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ fún mi. Dúpẹ́ wà ní Kánádà. Ó ń pè é lójoojúmọ́ pé kó ta ilé náà kó máa bọ̀ wá bá òun.

"Ọmọ dáadáa ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ máa ṣe níbẹ̀? Kí n jókòó sójú fèrèsé kí n máa wo yìnyín? Mo ti ṣèlérí fún un pé bí àlejò ò bá padà kí ọdún yìí tó parí, màá ṣe bó ṣe wí. Ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyẹn, Mojí."

Ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀

Lọ́jọ́ kejì a jókòó sí fàráńdà. Mo ní kó gbàgbé pé òun ló nilé, kó ṣe bí àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú tó ń wá ibi sùn. Ó gbé gíláàsì sójú, ó fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù. Orúkọ àwọn ẹlòmíràn yọ. Ó fa ojú fóònù náà sókè, ó tún fà á. Nísàlẹ̀ pátápátá ló ti rí tirẹ̀, Natako ni wọ́n fi í sí, wọ́n sì kọ ọ́ síwájú orúkọ náà pé wọ́n ti tì í pa.

Ó yọ gíláàsì rẹ̀. "Wọ́n ní mo ti kógbá wọlé."

"Ẹ̀rọ ló rò bẹ́ẹ̀, mà."

"Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá kọ orúkọ aláìsàn mọ́ ti òkú, tó ṣì ń jẹ ẹ̀kọ lórí ibùsùn."

A ṣí ojú ìwé ilé náà lórí ayélujára. Ẹnì kan ló ti bá a ṣe é nígbà tó ṣì wà ní Natako, ẹni ọ̀hún sì ti bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni "ilé ìtura Lọ́kọ́ja, ilé ìtura tó dára jù ní Lọ́kọ́ja, Lọ́kọ́ja ilé ìtura," ó sì ń tún un kọ bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀.

"Kí ló ń pè é lápètúnpè fún?"

"Ó rò pé bí òun bá pè é púpọ̀, ẹ̀rọ yóò gbọ́. Ẹ̀rọ náà ò dití, mà. Bó bá ti rí irú èyí, ẹ̀yìn ló ń sún un sí. Ẹni tó ń wá ibi sùn fẹ́ mọ̀ bóyá omi ń yọ, bóyá iná wà, bóyá ọkọ̀ òun á ríbi dúró sí. Èyí tó kọ yìí ò dáhùn ìkankan nínú wọn."

Ó nawọ́ sí àwòrán kan. "Odò ìwẹ̀ ta nìyí?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni í?"

"Èmi? Láyé mi n ò ní odò ìwẹ̀ rí!"

A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́, nítorí pé abẹ́ àwòrán yẹn ni àwọn àlejò ti ń kọ ohun tí ojú wọn rí. Ẹnì kan kọ ọ́ pé òun débẹ̀, òun ò bá ẹnikẹ́ni. Pé ìyá kan tó ń yan ẹja níwájú ilé náà sọ fún òun pé àwọn onílé ti lọ. Pé ẹja rẹ̀ dùn, ó sì fún òun ní yàrá láti sùn.

Màmá Dúpẹ́ kà á, ó tún un kà. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ràmátù," ó ní.

Ó wá sọ fún mi pé aládùúgbò òun ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Natako, pé òun lòun gbẹ̀bí àbíkẹ́yìn rẹ̀. "Nígbà tí omi lé wa, kò béèrè mi. Àwọn èèyàn ní òun àti ará ilé rẹ̀ ti kó padà sí Ìlọrin. Àṣé ẹnu ọ̀nà mi ló jókòó sí, tó ń sọ fáyé pé mo ti lọ, tó ń kó àlejò mi wọlé tirẹ̀! Mojí, gbé àmì ilé mi tó wà lórí máàpù yẹn kúrò níbẹ̀ lónìí. Kí o sì kọ ọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni má jẹun lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo ní èyí tó jẹ́ iṣẹ́ mi, màá ṣe é. Ṣùgbọ́n kíkọ ìkọkúkọ nípa ẹlòmíràn, èmi kì í ṣe irú rẹ̀. Ó ní kí n wá kọ ìyìn bíi mélòó kan nípa ilé òun nígbà náà, kí n fi orúkọ oríṣiríṣi sí i, kó dà bí ẹni pé àwọn àlejò ló kọ ọ́. Mo tún kọ̀. Mo ní, "Mà, bí a bá parọ́ mú ènìyàn wá, tó dé tí kò bá ohun tí a kọ, òun náà mọ̀wé kọ." Ó wọlé lọ.

Mo ṣe ohun tó yẹ. Mo ya àwòrán géètì àti pátákó orúkọ ilé náà, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni máàpù kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ló nilé àti pé Crusher ló wà. Wọ́n ní àwọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, kí a ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹja Ìyá Ràmátù ṣì ń dùn lẹ́nu mi. Bí àmì yẹn bá kúrò ní Natako, iṣẹ́ tèmi ti parí, wàhálà tirẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀.

Erùpẹ̀ pupa Agbaja

Bí a ṣe ń dúró, mo ní ó yẹ kí n mọ irú ẹni tó ń wá ibi sùn ní agbègbè náà àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́jà tó ń kà mí, ẹ gbọ́ èyí: ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń lò fún ọjà yín lè má jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń wá a ń lò. Ẹ lọ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Màmá Dúpẹ́ ní àwọn tó ń yẹ òkúta irin wò wà lórí òkè Agbaja, mo sì gun òkè lọ. Ọ̀nà ibẹ̀ ń ju ènìyàn sókè ni, orí mi kan àjà ọkọ̀ títí n ò ka iye rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òkè yẹn tutù, oko lọ lọ́tùn-ún lósì, àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀ tó ń gbé ibẹ̀ sì kí mi títí ọ̀rùn mi fi rẹ̀ mí lórí ìdáhùn. Bàbá àgbàlagbà kan pè mí sábẹ́ ìbòòji, ó fún mi ní iṣu sísun pẹ̀lú epo, kò béèrè ohun tí mo wá ṣe àfìgbà tí mo jẹ ẹ́ tán.

Níbẹ̀ ni mo ti bá ọkùnrin kan, ọmọ Èkìtì, tó ti pupa láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó fi osùn wẹ̀. Mo bi í pé kí ló máa ń tẹ̀ bó bá ń wá òtẹ́ẹ̀lì ní Lọ́kọ́ja.

Ó rẹ́rìn-ín. "Òtẹ́ẹ̀lì kọ́ ni ìṣòro wa, mà. Ibi tí wọ́n á ti gbà kí a fọ aṣọ àti bàtà wa là ń wá. Gbogbo ibi tí a bá dé, ẹsẹ̀ wa ni wọ́n á kọ́kọ́ wò, wọ́n á ní yàrá ti kún."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá ọ̀nà mi padà. Mo bá Màmá Dúpẹ́ ní kíṣìnì. Mo ní, "Mà, ṣé ẹ lè fọ aṣọ tí erùpẹ̀ pupa ti jẹ?"

Ó wò mí bí ẹni tó bú u. "Mo fi gbogbo ayé mi fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára aṣọ. Ṣé erùpẹ̀ ni n ò wá ní lè fọ̀?"

Ohun tí a kọ nìyẹn. A nu gbogbo ìpolongo asán yẹn kúrò. A kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá àti Haúsá pé ibí wà ní Crusher, pé ọkọ̀ ńlá ń ríbi dúró sí, pé bí ẹ bá ti Agbaja bọ̀ tòun terùpẹ̀, ẹ wọlé, a óò fọ aṣọ yín. A ya àwòrán ibùsùn, a ya ti okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, a ya ti Màmá Dúpẹ́ lórí àga ní fàráńdà. Ó ní kí n dúró kí òun lọ pààrọ̀ aṣọ. Mo ti yà á tán.

Obìnrin méjì

Mo padà sí Natako. Mo ní kí n má fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún Ìyá Ràmátù. Mo sọ fún un pé èmi ni mo wá gbé àmì tó ń kó àlejò wá bá a kúrò níbẹ̀.

Ẹja ń ta lórí iná.

"Omi kó ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi lọ," ó ní níkẹyìn. "Fóònù sì ń kó àlejò wá. Mo rò pé Ọlọ́run ló fi ọ̀kan rọ́pò ìkejì fún mi."

"Mà, kí ló dé tí ẹ fi ń sọ fún wọn pé wọ́n ti lọ?"

"Ó lọ kẹ̀! Ó lọ láì dágbére. Nígbà tí omi lé wa, ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa ní Lọ́kọ́ja àtijọ́ la sá lọ. Nígbà tí mo padà, mo bá géètì rẹ̀ nílẹ̀. Mo béèrè, wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ti mú un lọ sí òkè òkun. Nọ́ńbà rẹ̀ ti bá fóònù mi lọ sínú omi. Mo ń gbàdúrà fún un bí ẹni tí n ò ní fojú rí mọ́. Ìwọ lo wá sọ fún mi pé Crusher ló wà." Ó gbé ojú sókè, omi ti dé e. "Crusher! Ibi tí mo lè wọ kẹ̀kẹ́ lọ kí n sì dé kí ẹja tó jóná. Ó wà nílùú, kò wá wò mí."

Mo lọ bá Màmá Dúpẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"N ò lọ síbẹ̀ rí láti ìgbà náà," ó ní. "Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ọkọ mi fi kọ́ ilé yẹn. N ò fẹ́ rí i bó ṣe rí. Ohun tí wọ́n bá sọ fún mi nípa Natako ni mo ń gbà gbọ́, torí n ò lè lọ fojú ara mi wò ó."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo bá a nínú ọkọ̀ tí ó ti ń dúró dè mí, bàtà funfun rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí a dé Natako, ilé náà ló kọ́kọ́ wò. Ó wo ilà omi tó wà lára ògiri, ó wo koríko, kò sunkún. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí abẹ́ igi.

"Ràmátù."

"Ìyá Dúpẹ́."

Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò mira. Mo ń ronú ohun tí màá sọ láti là wọ́n, ni Ìyá Ràmátù, ọmọ Ìlọrin, bá gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ọ̀kún o."

Màmá Dúpẹ́ rìn lọ bá a. "Ọ̀kún, Ràmátù. Ọ̀kún, ọ̀kún."

Wọ́n di mọ́ ara wọn lójú èéfín yẹn. Ẹja kan jóná, kò sẹ́ni tó bìkítà.

Nígbà tí a jẹun tán, Ìyá Ràmátù ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó nawọ́ sí fóònù mi. "Gbé àmì yẹn lọ síbi tó yẹ kó wà. Tirẹ̀ ni."

"Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ ńkọ́?" ni Màmá Dúpẹ́ wí. "Kí ni wọn yóò máa rí?"

Mo ní ó yẹ kí Ìyá Ràmátù ní àmì tirẹ̀, kí ó fi orúkọ ara rẹ̀ jẹ́, kí ó ṣàlàyé ẹja àti yàrá méjèèjì. Ìyá Ràmátù bú sẹ́rìn-ín. "Èmi, arúgbó ẹlẹ́ja? Ta ló fẹ́ wá mi lórí fóònù?"

"Èmi," ni Màmá Dúpẹ́ dá a lóhùn. "Ká ní mo wá ọ níbẹ̀ tí mo rí ọ, ṣé n ò bá ti wá?"

Ìyá Ràmátù ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó tún ìborùn rẹ̀ dè, ó jókòó dáadáa sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná rẹ̀, ó ní, "Tòò. Ya àwòrán mi."

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ni mo ti bá ṣe iṣẹ́ yìí. N ò rò ó rí pé ọ̀rẹ́ lè fi wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí kí n tó dé abẹ́ igi yẹn.

Ìpè láti Kánádà

Máàpù ò yí padà lọ́jọ́ náà, kò yí padà lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Iṣẹ́ mi ò yàtọ̀ sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ti èyí: bí o bá ti gbìn ín, o ò gbọ́dọ̀ máa hú u wò. Màmá Dúpẹ́ ò mọ ìyẹn. Gbogbo ìgbà tó bá ti rí mi ló ń béèrè pé, "Wọ́n ti gbé mi dé?" Èmi á ní, "Wọn ò tí ì gbé yín dé, mà."

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, a wà ní fàráńdà, fóònù rẹ̀ dún. Dúpẹ́ ni. Ó ṣí i sí gbangba kí n lè gbọ́.

"Màmi, níbo lẹ jókòó sí báyìí?"

"Fàráńdà. Kí ló dé?"

"Lórí àga aláwọ̀ ewé yẹn?"

Màmá Dúpẹ́ wo ìdí ara rẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo tẹ orúkọ ilé yín. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́, Màmi. Nígbà míì tí n ò bá rí oorun sùn, màá tẹ̀ ẹ́, ilé wíwó Natako ni wọ́n máa ń fi hàn mí, wọ́n á ní wọ́n ti tì í pa. Lónìí, Crusher ni. Mo rí géètì. Mo rí aṣọ lórí okùn. Mo rí yín, Màmi, ẹ ń rẹ́rìn-ín." Ohùn rẹ̀ já. "N ò mọ̀ pé ibẹ̀ rí báyẹn. Mo ti rò pé inú ìyà lẹ wà."

Màmá Dúpẹ́ dìde. Ó rìn dé etí fàráńdà, ó padà.

"O wá rí i pé kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń tà," ó ní.

"Mo rí i, mà."

"Ibùsùn wà níbí o. Kó àwọn ọmọ, ẹ wá sùn."

Mo wọlé lọ kí n lè jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ wọn. Nínú ilé, mo gbọ́ tí obìnrin tó ń se oúnjẹ ń kọrin ní kíṣìnì, orin tí n ò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nílé

Mo kúrò ní Lọ́kọ́ja nígbà tí kọ́kọ́rọ́ kan péré ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ìṣó. Ọmọ Èkìtì yẹn ló gbà á, òun àti ẹrù aṣọ pupa rẹ̀. Wọ́n di ẹja gbígbẹ fún mi láti Natako, wọ́n di iṣu fún mi láti Crusher, ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà mí mọ́. Ẹ̀yin tí mo fún lẹ́ja nínú yín, ibi tó ti wá nìyẹn.

Bí ẹ bá bi mí ohun tí Lọ́kọ́ja jẹ́, ìlú tí ènìyàn gbogbo ń gbà kọjá ni. Àwọn tó ń lọ sí Àríwá ń gba ibẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ wá sí Gúúsù ń gba ibẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi bi àlejò pé ìgbà wo lo máa lọ. Oúnjẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé fún un.

Lánàá, bí mo ṣe ń kọ èyí, Màmá Dúpẹ́ pè mí. Ariwo wà lẹ́yìn rẹ̀, ènìyàn ń béèrè omi gbígbóná.

"Mojí, ilé ti kún o! Tọkọtaya kan tún dé, wọ́n rí wa lórí fóònù, n ò ní yàrá kankan mọ́."

"Áà! Kí lẹ wá ṣe, mà?"

"Mo kó wọn lọ sọ́dọ̀ Ràmátù ni."

"Ó dáa, mà. Ṣé ẹ fi máàpù rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn?"

"Máàpù kẹ̀?" ó ní. "Èmi fúnra mi ni mo jókòó síwájú ọkọ̀ wọn, mo sì mú wọn débẹ̀. A jọ jẹ ẹja tán kí n tó padà sílé."